Onígbáméjì: Ohun tí X-ray Fi Hàn Wá Nínú Oró Rẹ̀

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ lókè òkun, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn láti ṣàlàyé. Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń lo X-ray láti wo ìrísí oró tí kòkòrò àrùn ń tú sára ènìyàn, ohun tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé, "Ṣé dókítà ni ọ́ ni?" N kì í ṣe dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn. Alága wa wá ní kí n kọ ọ́ bí ẹni pé màmá mi ni mò ń sọ ọ́ fún. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé nítorí màmá mi gan-an ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ náà. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ màmá kí n tó kọ ìtàn tó tẹ̀ lé e yìí.

Ọdún 1991

Ní ọdún 1991, inú yáàdì kan ní àdúgbò Igbudu, nílùú Warri níbí, ni à ń gbé. Bàbá mi wá láti Ìjẹ̀bú. Jórinjórin ni wọ́n, wọ́n ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe epo jó páìpù. Màmá mi ń ta aṣọ. Yàrá méjìlá ló wà nínú yáàdì náà, kànga kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń pọn. Kànga ọ̀hún kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ṣáláńgá. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Warri mọ bí ilẹ̀ ibí ṣe rí: bí ènìyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, omi ti dé. Bí òjò bá wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kànga àti ṣáláńgá á di alájọgbé.

Lọ́dún náà, àrùn onígbáméjì jà káàkiri Nàìjíríà. Iye tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni pé ó mú 59,478 ènìyàn, 7,654 nínú wọn sì kú. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kú lọ́dún yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni èmi.

Ẹ̀yin àgbà mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe àrùn yìí bẹ́ẹ̀: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ náà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ohun tó ń yà kò jọ ìgbẹ́ mọ́, ó dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi. Àwọn àgbà tó wà nínú yáàdì, àwọn tó fẹ́ràn wa dénú, sọ fún màmá mi pé, "Ẹ má fún un lómi mọ́ o. Omi tó ń mu yẹn náà ló ń yà." Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọgbọ́n. Màmá mi fi omi dù ú nítorí pé wọ́n fẹ́ kó yè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ bí ti arúgbó. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán tó fi dákẹ́.

Lóru ọjọ́ náà ló tún mú àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Itsekiri, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ń gbé ní yàrá tó kẹ́yìn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án, ó sunkún, lẹ́yìn náà ló ní kí màmá mi tètè gbé omi kaná. Ó po ṣúgà àti iyọ̀ mọ́ omi náà, ó jókòó ti ọmọ, ó ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Bí ọmọ bá bì í, Àǹtí á sinmi díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá wọn. Láàárọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára, ó sì yè. Ó ti di baba ọmọ mẹ́ta báyìí. Ó wà lára àwọn tó to àga tí ẹ jókòó lé lónìí.

Láti ọjọ́ yẹn ni màmá mi ti ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kàwé: "Bí omi bá ń ya jáde lára ọmọ, báwo ni fífi omi kún un ṣe lè gbà á là? Kí sì ni iyọ̀ àti ṣúgà wá ṣe níbẹ̀?" Ìbéèrè kejì wà lẹ́yìn ìyẹn tí wọn kì í sọ jáde, ṣùgbọ́n gbogbo wa nínú ilé la mọ̀ ọ́n.

Kòkòrò àrùn yàtọ̀ sí oró rẹ̀

Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló fi han ayé láàárín ọdún 1883 sí 1884, nígbà tó lọ ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì àti Íńdíà, pé kòkòrò kékeré kan tó tẹ̀ kọrọdọ bí àmì kọ́mà ló ń fa onígbáméjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n rò ni pé kòkòrò náà máa ń ba ìfun jẹ́ ni.

Ní ọdún 1959, onímọ̀ kan ní ìlú Kolkata ní Íńdíà, Sambhu Nath De, ṣe àyẹ̀wò kan tó rọrùn. Ó sẹ́ omi tí kòkòrò náà ti gbé nínú rẹ̀, títí tí kò fi ku kòkòrò kankan níbẹ̀. Ó wá fi omi tó sẹ́ náà sínú ìfun ehoro. Ìfun ehoro náà kún fún omi. Èyí fi hàn pé kòkòrò náà máa ń tú nǹkan kan sílẹ̀, nǹkan ọ̀hún nìkan sì tó láti ṣe iṣẹ́ ibi. Oró ni. Ní ọdún 1969, Richard Finkelstein àti Joseph LoSpalluto ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà yọ oró náà ní ògidì.

Oró yìí kì í ṣe ohun alààyè. Púrótéènì ni, irú èròjà tó wà nínú funfun ẹyin àti ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n púrótéènì kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀, ìrísí yẹn ló sì ń sọ iṣẹ́ tó lè ṣe, gẹ́gẹ́ bí eyín kọ́kọ́rọ́ ṣe ń sọ ilẹ̀kùn tó lè ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oró ṣe ń ṣọṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí ìrísí rẹ̀.

Kí ló dé tí a kò lè fi ojú rí i?

Oró náà kéré jọjọ. Bí a bá to ẹyọ rẹ̀ sórí ìlà, ju 100,000 lọ ni yóò gba inú mìlímítà kan ṣoṣo, ìyẹn àlàfo tó kéré jù lọ lórí rúlà ọmọ iléèwé. Maikirosíkóòpù tó ń lo ìmọ́lẹ̀ kò lè fi í hàn, bó ti wù kí dígí rẹ̀ dára tó. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì, ìgbì rẹ̀ sì fi ju ìlọ́po 60 gùn ju ẹyọ oró yìí lọ. Ẹ lọ wo odò Warri: ìgbì tó bá pàdé ọkọ̀ ojú omi á yà, àmọ́ bó bá pàdé ẹyọ koríko kan, á kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe sí oró nìyẹn. Ìgbì tó kúrú gan-an la nílò. Ti X-ray kúrú tó fẹ̀ẹ̀kan átọ̀mù, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ohun kékeré tí a fi mọ gbogbo nǹkan.

Àwa ará Warri mọ X-ray dáadáa, kì í ṣe ní ọsibítù nìkan. Bí bàbá mi bá jó páìpù tán, àwọn olùyẹ̀wò á dé lóru, wọ́n á lé gbogbo ènìyàn jìnnà, wọ́n á fi ìtànṣán wo ojú ìjórin náà bóyá ihò tàbí sísán wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí lórí fíìmù jẹ́ òjìji: ibi tó fẹ́lẹ́ á dúdú ju ibi tó nípọn lọ. Ọ̀nà yẹn kò lè ṣiṣẹ́ fún oró, nítorí kò sí òjìji tí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ lè jù tí fíìmù á gbà. Kò sì sí dígí tó lè kó ìtànṣán X-ray jọ pa dà kó di àwòrán, bí dígí ojú wa ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá sí i.

Ẹ mú agbòjò yín

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ lè fi ojú ara yín rí ọgbọ́n náà lálẹ́ òní. Ẹ ṣí agbòjò dúdú, kí ẹ dúró jìnnà sí iná títì kan, kí ẹ wo iná náà láti inú aṣọ agbòjò. Ẹ kò ní rí iná kan ṣoṣo. Ẹ ó rí àwọn tó-tò-tó ìmọ́lẹ̀ tó tò ní ìlà gbọọrọ àti ìlà ìbú, bí àgbélébùú. Òwú aṣọ náà ló fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká bẹ́ẹ̀. Bí òwú bá ṣe sún mọ́ra sí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó-tò-tó náà yóò ṣe jìnnà síra. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn àlàfo àárín wọn lè ṣírò bí wọ́n ṣe hun aṣọ náà, láìfọwọ́ kan agbòjò.

Bí a bá fi X-ray rọ́pò iná títì, tí a fi oró rọ́pò òwú, iṣẹ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹyọ oró kan kò lè fọ́n ìtànṣán ká tó ohun tí a lè rí. Ẹnì kan tó bá sọ̀rọ̀ nínú pápá ìṣeré, ta ni yóò gbọ́? Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó bá jùmọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àdúgbò á gbọ́. A gbọ́dọ̀ kó àìmọye ẹyọ oró jọ, kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, kí wọ́n tò bí bátànì ara àdìrẹ ṣe ń tẹ̀ léra láti etí aṣọ dé etí kejì. Ohun tó bá tò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní kírísítálì. Iyọ̀ òkúta àti hóró ṣúgà jẹ́ kírísítálì.

Iyọ̀ rọrùn láti sọ di kírísítálì. Àwọn ará etí òkun ti mọ̀ látayébáyé pé bí a bá se omi òkun títí tí omi rẹ̀ fi gbẹ, iyọ̀ á jókòó. Púrótéènì kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí o bá sè é, á bà jẹ́ bí ẹyin tó jinná. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó kán ẹ̀kán omi oró, tó kéré ju omijé lọ, sórí dígí pẹlẹbẹ. A ó da dígí náà dojú dé ihò kékeré tí omi iyọ̀ líle wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a ó sì dí i pa. Omi inú ẹ̀kán náà á máa fi díẹ̀díẹ̀ lọ sínú omi iyọ̀ ìsàlẹ̀, títí tí oró yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Bó bá yá jù, á kàn dì gúlúgúlú. Bó bá lọ́ra jù, kò ní ṣe nǹkan kan.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é láìrí nǹkan kan. Mo yí iyọ̀ pa dà, mo yí òtútù àti ooru pa dà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kán ni mo kán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wo inú maikirosíkóòpù, mo rí nǹkan tó ń dán, tó ní igun bí òkúta iyebíye, tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Màmá mi ni mo kọ́kọ́ fóònù. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti dáhùn ìbéèrè mi?" Mo ní, "Kò tíì, màmá, àmọ́ ó ti gbà láti jókòó."

Mo gbé kírísítálì náà lọ sí Diamond, ilé ẹ̀rọ kan ní Oxfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007. Ẹ̀rọ náà rí bí òrùka ńlá. Ẹni tó bá rìn yí i ká ti rin ju 560 mítà lọ, ìyẹn ju pápá bọ́ọ̀lù márùn-ún tí a tò ní gbọọrọ. Wọ́n ń sá ẹlẹ́kítírọ́nì eré àsápajúdé nínú òrùka náà, eré yẹn ló ń bí X-ray tó mọ́lẹ̀ kọjá ti ọsibítù lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ. Lóru ọjọ́ kan, a fi kírísítálì mi síbẹ̀, àwọn tó-tò-tó sì yọ lójú kọ̀ǹpútà bí ìràwọ̀.

Àwọn tó la ọ̀nà náà

Wilhelm Röntgen ló ṣàwárí X-ray ní Jámánì ní ọdún 1895. Ní ọdún 1912, Max von Laue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kírísítálì máa ń fọ́n X-ray ká. William Bragg àti ọmọ rẹ̀ Lawrence wá rí ọ̀nà tí a fi lè ti ara àwọn tó-tò-tó náà mọ ibi tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Bàbá àti ọmọ jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1915. Ọmọ ọdún 25 ni Lawrence nígbà náà.

Dorothy Hodgkin lo ọ̀nà yìí láti mọ ìrísí oògùn penisilíìnì ní ọdún 1945. Ìlú Cairo ní Íjíbítì ni wọ́n ti bí i, nítòsí wa níbí, ní Ghana, ni ìròyìn sì ti bá a ní ọdún 1964 pé ó ti gba ẹ̀bùn Nobel: ọkọ rẹ̀, Thomas Hodgkin, ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì tó wà ní Legon nígbà náà. Max Perutz náà fi ọ̀nà yìí rí ìrísí púrótéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ayé lè lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde.

Ohun tí wọ́n rí

Ní ọdún 1991, ọdún tí àbúrò mi kú, Titia Sixma, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, àti ọ̀gá rẹ̀ Wim Hol pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Groningen, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, tẹ ìrísí oró kan jáde. Oró náà jẹ́ ti kòkòrò E. coli tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ó jọ ti onígbáméjì bí ọmọ ìyá, nǹkan bí 80 nínú 100 èròjà wọn ló dọ́gba. Ní ọdún 1995, Rong-Guang Zhang, Edwin Westbrook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tẹ ti onígbáméjì fúnra rẹ̀ jáde. Nígbà tí mo kà á pé ọdún kan náà ni, mo pa ìwé dé, mo jáde lọ gba atẹ́gùn.

Báyìí ni oró náà rí. Apá méjì ló ní. Apá ìsàlẹ̀ jẹ́ ẹyọ márùn-ún tó dọ́gba, tí wọ́n so ọwọ́ pọ̀ ní òbìrí, tí ihò sì wà láàárín wọn. Ẹ ronú òṣùká tí àwọn ìyá wa fi ń ru ẹrù. Apá òkè jókòó lé òṣùká náà bí ẹrù, ó sì na ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ihò àárín kọjá sí ìsàlẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó já bọ́.

Òṣùká náà kì í pani. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó di ara ìfun mú. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún ní kòtò kékeré kan tó bá irú ṣúgà kan tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì ìfun wa mu rẹ́gí. Ọwọ́ márùn-ún ló fi ń dì í mú, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tú. Lẹ́yìn náà, sẹ́ẹ̀lì ìfun fúnra rẹ̀ á gbé e mì, láìmọ̀ pé ọ̀tá lòún gbà sílé. Nínú ilé ni apá òkè ti ń já kúrò lórí òṣùká. Òun gan-an ni ọ̀bẹ.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun, swíìṣì kan wà tó ń pàṣẹ pé kí omi jáde tàbí kó dúró. Ọ̀bẹ náà á lẹ nǹkan mọ́ swíìṣì yìí, kò sì ní ṣeé pa mọ́. Ẹ ti rí i rí nígbà tí swíìṣì ẹ̀rọ bòòhóòlù bá lẹ̀: ẹ̀rọ á máa fa omi lọ, táǹkì á kún, omi á máa ṣàn sí ojú títì. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ìfun á ṣí gbogbo ilẹ̀kùn iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, iyọ̀ á tú sínú ìfun, omi á sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé bí a bá fi iyọ̀ ra ẹja, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀; ibi tí iyọ̀ bá lọ ni omi ń tọ̀. Lára àgbàlagbà tí àrùn náà bá mú gan-an, omi tó ń jáde lè tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Mélòó ló wà lára ọmọ ọdún mẹ́rin?

Èsì ìbéèrè màmá mi

Èsì àkọ́kọ́ nìyí: kì í ṣe omi tí ọmọ ń mu ló ń yà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Bó mu, bí kò mu, swíìṣì ti lẹ̀, ìfun kò ní dáwọ́ dúró. Ẹni tí a bá fi omi dù, ṣe ni a kàn gba ohun tí ì bá fi dípò èyí tó ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èsì kejì ni ti iyọ̀ àti ṣúgà. Omi lásán kì í tètè wọlé, nítorí iyọ̀ tó wà nínú ìfun ń fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mìíràn wà lójú sẹ́ẹ̀lì ìfun tí oró náà kò fọwọ́ kàn. Robert Crane ló ṣàlàyé ilẹ̀kùn yìí ní ọdún 1960. Ilẹ̀kùn náà kì í ṣí fún iyọ̀ nìkan, kì í sì í ṣí fún ṣúgà nìkan. Bí àwọn méjèèjì bá jọ dé, á gbà wọ́n wọlé pọ̀, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Omi tó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, à ń fi iyọ̀ àti ṣúgà mú un gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pa dà. Ohun tí Àǹtí fi ṣíbí ṣe lóru ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, dókítà Dilip Mahalanabis dán èyí wò ní ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ní Bangaon ní Íńdíà, nígbà tí omi tí wọ́n ń fà sára tán. Ikú tó ń pa nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 4.

Èsì kẹta: omi náà kì í pa oró. Sẹ́ẹ̀lì ojú ìfun ni kì í pẹ́ láyé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tuntun á ti rọ́pò ògbólógbòó, èyí tó ti gbé oró mì á sì bá ìgbẹ́ lọ. Gbogbo ohun tí aláìsàn nílò ni kó má kú kí ọjọ́ náà tó pé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: àwọn oníṣègùn ti ń fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà gba ẹ̀mí là kí ẹnikẹ́ni tó rí ìrísí oró náà. Àǹfààní tí àwòrán wá ṣe ni pé ó jẹ́ kí a mọ ibi tí a ti lè gbá oró náà mú. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òṣùká láìsí ọ̀bẹ kò léwu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi òṣùká nìkan, pẹ̀lú kòkòrò tó ti kú, ṣe Dukoral, àjẹsára alámumu tó ti Sweden wá, kí ara lè mọ ojú ọ̀tá kó tó dé. Ní ọdún 2000, Wim Hol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle ṣe èròjà kan tó ní apá márùn-ún, tó lè wọ inú kòtò márààrún lẹ́ẹ̀kan náà kí oró má lè di ìfun mú. Kò tíì di oògùn tí à ń rà, ṣùgbọ́n láìsí àwòrán, ta ni ì bá mọ̀ pé ọwọ́ márùn-ún ni a ní láti dè?

Ẹ̀yin ọmọ wa

Kò tíì sí ẹ̀rọ olórùka bíi ti Diamond kankan nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kírísítálì Áfíríkà ti ń pàdé: ìpàdé wọn àkọ́kọ́ wáyé ní Dschang ní Cameroon ní ọdún 2016, èkejì ní Accra ní ọdún 2019. Kò sì dìgbà tí ẹ bá dé ibẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àkójọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Protein Data Bank, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ìrísí tó wà níbẹ̀ ti ju 200,000 lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ tẹ 1XTC síbẹ̀, oró onígbáméjì á yọ sí yín. Ẹ fi ìka yí i sọ́tùn-ún sósì lójú fóònù, ẹ ó rí òṣùká náà.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Àrùn yìí kò tíì lọ. Ní ọdún 2021, ó mú 111,062 ènìyàn ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ NCDC, 3,604 sì kú. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé apá yìí nínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná:

1. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ bí omi, ẹ má fi omi dù ú. Ẹ po páálí ORS gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀.

2. Bí kò bá sí ORS: omi mímọ́ lítà kan (omi inú ọ̀rá oní-50cl méjì), ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà tó dọ́gba lẹ́nu, iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Bó bá pé wákàtí 24, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn.

3. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń mu ọmú kò gbọdọ̀ dáwọ́ ọmú dúró.

4. Ẹ máa gbé e lọ sí ọsibítù bí ẹ ti ń fún un. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti jìn, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí kò lè mu nǹkan nílò omi tí a ń fà sára kíákíá.

5. Ẹ se omi kànga kí ẹ tó mu ún, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ̀yin onílé, kànga gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣáláńgá tó 30 mítà, ó kéré tán.

Nígbà tí mo pa dà dé láti òkè òkun, mo yí àwòrán oró náà fún màmá mi rí lójú kọ̀ǹpútà. Mo fi òṣùká hàn wọ́n, mo fi ọ̀bẹ hàn wọ́n, mo ṣàlàyé ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Nǹkan kékeré báyìí." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín."

Màmá wà ní ìjókòó iwájú lónìí. Àwọn ni wọ́n ní kí n fi ìlànà iyọ̀ àti ṣúgà yẹn sínú ìwé yìí, kí ó má bàa sí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tí yóò sọ pé òun kò gbọ́. Ẹ bá wa sọ ọ́ fún aládùúgbò yín, ì báà jẹ́ Urhobo, Itsekiri, Ìjọ̀ tàbí Yorùbá. Kànga kan náà la jọ ń pọn.

 A kò ní fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ o. Àṣẹ.